Awọ tí Olóyè ejò mi bọ́ gùn tó íǹṣì 82: ṣé ejò kingsnake ń tóbi tó báyìí, ṣé ó sì ń pẹ́ láyé tó báyìí?

BàbáOlóyè_Mọ̀pà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ejò kan tí wọ́n ń pè ní kingsnake ni mo gbé wá. Ẹni tí ẹ̀rù ejò bá ń bà, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀: ejò yìí kò sí ní Mọ̀pà, Houston ló wà lọ́hùn-ún.

Ọdún 26 ni mo lò ní Amẹ́ríkà kí n tó kó padà sílé lọ́dún 2021. Lọ́dún 2002, àkọ́bí mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún 9, ó ní ejò ni kí n rà fún òun. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi náà, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n ti fi àdá kọ́ ní ohun tí à á ṣe sí ejò láti kékeré, ẹnu mi wọ̀ ṣin. Àmọ́ ọmọ náà ti kàwé lórí ejò yìí kó tó wá bá mi. Ó ní kò lóró, ó ní kódà ejò olóró ló máa ń gbé mì, oró wọn kì í ṣe é ní nǹkan kan. Mo bá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin wọ́n, mo ra ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ, kò sì gùn ju rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Dúdú ni, ó ń dán, ìlà funfun tín-ín-rín sì so mọ́ra wọn láti ọrùn rẹ̀ dé ìrù bí ẹ̀wọ̀n. Lójú mi, ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi sọ́rùn ìjòyè, mo bá sọ ọ́ ní Olóyè.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi tọ́jú rẹ̀, ó sú u. Ọ̀rọ̀ wá di tèmi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà yẹn, ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bí mo bá wọlé ní aago 6 àárọ̀, gbogbo ilé á ṣì máa sùn, Olóyè nìkan ló máa ń wà lójúfò. Á gbé orí sókè lẹ́yìn gíláàsì, á máa yọ ahọ́n sí mi. Mo mọ̀ pé eku ló ń retí, kì í ṣe èmi. Síbẹ̀, ẹ̀mí kan tó yíjú sí mi nílẹ̀ àjèjì láàárọ̀ kùtùkùtù, mi ò lè pè é ní nǹkan kékeré. Mo máa ń fà àga tì í, màá mu tíì mi níbẹ̀ kí n tó lọ sùn.

Ọmọbìnrin mi ni mo fà á lé lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ nílé. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò ìyàwó mi ti Houston dé, ó sì mú awọ tí Olóyè bọ́ lóṣù tó kọjá wá fún mi nínú ọ̀rá. Odindi ló jáde, láti imú dé ṣóńṣó ìrù, ibì kan kò ya. Kódà awọ tó bo ẹyinjú rẹ̀ wà níbẹ̀, roboto méjì tó mọ́ gaara bíi gíláàsì aago ọwọ́ ọmọdé. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gba téèpù tí ìyàwó mi fi ń ránṣọ, mo wọ̀n ọ́n. Íǹṣì 82. Ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, sẹ̀ǹtímítà 208. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo fi há awọ náà.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí: mo lọ wá a wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé èyí tó gùn jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nínú irú Olóyè, ìyẹn eastern kingsnake, íǹṣì 82 náà ni! Ara mi gbọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹranko, ṣé lóòótọ́ ni Olóyè ti bá a dọ́gba? Ó ti pé ọdún 23, ṣé ó ṣì ń dàgbà ni? Ọdún mélòó ló kù fún un? Mò ń béèrè nítorí pé ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n wá ibi tí òun máa gbé ejò náà lọ. Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn pé kí n mú un wá sílé.

---

TísàBaólọ́jì_Kàbà

Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá ìyá àti ọmọ sí. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: awọ lẹ wọ̀n, ẹ kò tíì wọn ejò.

Awọ tí ejò bá bọ́ sílẹ̀ máa ń gùn ju ejò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wo páànù orí ilé, bó ṣe gorí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpẹ́ ejò ṣe tò. Láàárín ìpẹ́ kan sí èkejì, awọ rírọ̀ kan wà tó ká sábẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè fẹ̀ bó bá gbé nǹkan ńlá mì. Nígbà tó bá ń bọ́ awọ, gbogbo ibi tó ká yẹn á tú, á sì nà. Ẹ tún rántí pé ó máa ń lọ́rinrin nígbà tó ń bọ́ ọ, ó sì ń yí inú rẹ̀ síta bí ìgbà téèyàn bá ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó ti ń wọ́ ara jáde ló ń fa awọ náà gùn. Ó lè fi ìdá kan nínú márùn-ún gùn ju ejò lọ, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé awọ yẹn sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ máa rí i pé ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ara wọn mọ́, àlàfo wà láàárín wọn. Lára ejò tó wà láàyè, ẹ kò lè rí àlàfo yẹn àfi tó bá ti jẹun yó.

Ẹ ní kí ọmọ yín fi òwú wọ̀n ọ́n. Kó má fà á nà o! Kó jẹ́ kí ejò náà máa rìn jẹ́jẹ́ létí ògiri, kó tẹ́ òwú tẹ̀ lé àárín ẹ̀yìn rẹ̀ láti imú dé ìrù, kó wá fi téèpù wọn òwú náà. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ejò kì í dúró fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìdàgbà: ejò kì í ṣíwọ́ dídàgbà pátápátá bíi tiwa, àmọ́ bó bá ti tó ẹni tó ń bímọ, ìdàgbà náà á falẹ̀ gan-an débi pé èèyàn kò ní mọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 ni ọ̀pọ̀ irú Olóyè ń gùn mọ. Kódà bí òwú bá gé íǹṣì 15 kúrò nínú 82 yẹn, ejò ńlá lẹ ní.

---

ỌmọÌyàrà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 6 kò bà mí lẹ́rù, èmi tí mo ti rí òjòlá tí ọkùnrin mẹ́rin gbé. Ọ̀rọ̀ ọdún 23 yẹn ló jọ mí lójú. Ejò wo ló ń lo ọdún 23 láyé? Ní oko wa níbí, mọ́námọ́ná kan wà tó máa ń wà nídìí àká iṣu bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká ara rẹ̀ jọ bí ọ̀ṣùká, á fi orí pamọ́ sáàárín. Bàbá mi kò jẹ́ kí a pa á. Wọ́n ní eku tó ń jẹ ebu iṣu ló ń bá àwọn mú. A máa ń rí i lọ́dọọdún, títí mo fi lọ sí girama. Nígbà yẹn, mo rò pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ là ń rí.

Ìbéèrè mi: kí ló dé tẹ́ ẹ kò fi wá aya fún Olóyè látọdún yìí? Ẹ sáà mọ̀ pé àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

---

TísàBaólọ́jì_Kàbà

@ỌmọÌyàrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan náà lẹ̀ ń rí. Ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, mọ́námọ́ná kan wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ín tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1961. Lóṣù Keje ọdún 2020, ó yé ẹyin 7! Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà, kò sì tíì fojú kan akọ fún ọdún 15, ó kéré tán. Irú mọ́námọ́ná tó wà nínú oko wa níbí gan-an ni, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn lọ.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọn kò gbà mí gbọ́. Ní tiwa níbí, àdá kì í jẹ́ kí ejò dàgbà ká tó mọ iye ọdún tó lè lò.

---

BàbáOlóyè_Mọ̀pà

Tísà, ẹ ṣeun. Mo ti gbé awọ náà sójú oòrùn. Òótọ́ lẹ sọ, àlàfo wà láàárín ìpẹ́ rẹ̀ bí ojú asẹ́. Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, n kò ní purọ́. Mo ti ń fọ́nnu fáwọn ará ilé. Mo ti ránṣẹ́ sí Houston nípa òwú.

Ìwọ ọmọ Ìyàrà, òwe yẹn kò bá irú ejò yìí mu. Bí mo bá mú ejò mìíràn bá Olóyè, á jẹ ẹ́. Ìdí tí àwọn òyìnbó fi fi ọba kún orúkọ rẹ̀ nìyẹn, pé ó ń pa ejò ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Àwọn tó ń mú akọ àti abo bá ara wọn máa ń kọ́kọ́ bọ́ àwọn méjèèjì yó, wọ́n á sì jókòó tì wọ́n. Èmi kò lè fi í sínú ewu bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà lọ́kàn mi. Eku méjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi ń bọ́ ọ látìgbà tó ti dàgbà, èyí tí wọ́n ti pa tí wọ́n sì fi yìnyín dì. Màá fi omi gbígbóná yọ yìnyín rẹ̀, màá fi irin gígùn mú un nídìí ìrù, màá mì ín díẹ̀. Á ta lù ú, á wé e lẹ́ẹ̀mẹta, kó-kó-kó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eku náà ti kú tipẹ́. Ṣé bí a bá ń fún un ní eku mẹ́rin, ó ṣì lè gùn sí i kó tó dé íǹṣì 82 lóòótọ́?

---

ỌmọẸ̀gbẹ̀_LasPalmas

Ẹ̀gbọ́n mi, òkun o. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, ọdún kọkànlá mi rèé ní Las Palmas, ní erékùṣù Gran Canaria ti Sípéènì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní eku mẹ́rin.

Mo ti bá ẹni tó ń ta ejò àti aláǹgbá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ejò tí a bá ń bọ́ bí ẹní bọ́ ẹran iléyá kò ní gùn sí i, sísanra ló máa sanra. Ọ̀rá á lọ jókòó sínú ikùn rẹ̀, á di ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ mú, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ̀ bí ìrọ̀rí, ẹ máa rí ojú awọ láàárín ìpẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì jẹun rárá. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti kú lọ́mọ ọdún 10. Oúnjẹ tó mọ níwọ̀n tẹ́ ẹ fún un ló gbé e dé ọdún 23. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni oúnjẹ lè fi kún gígùn rẹ̀. Lọ́jọ́ orí rẹ̀ yìí, ó tiẹ̀ yẹ kí oúnjẹ dínkù ni.

Ẹ béèrè iye ọdún tó kù. Ọdún 15 sí 20 ni wọ́n sábà máa ń lò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn. Àwọn tó kọjá 20 wà dáadáa, àkọsílẹ̀ sì wà nípa èyí tó lé ní 30. Nínú igbó, àṣá wà, ọkọ̀ wà lójú títì, ìyàn wà, òtútù wà. Lọ́dọ̀ yín, kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Akọ ni tiyín náà, kò lo agbára ara rẹ̀ lórí ẹyin yíyé, akọ ló sì sábà máa ń gùn jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ mímú un wá sílé ló mú kí n kọ gbogbo èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fi ojú ara mi rí níbí. Irú kingsnake ti California, ìbátan Olóyè, làwọn èèyàn ń sìn nínú ilé lórí erékùṣù yìí. Àwọn kan bọ́ sóde. Lọ́dún 1998 ni wọ́n ti rí i pé wọ́n ti ń gbé inú igbó níbí, lágbègbè Telde. Kò sí ejò kankan tó jẹ́ ti erékùṣù yìí látilẹ̀. Aláǹgbá ńlá kan wà tó jẹ́ pé ibí nìkan ni orírun rẹ̀ ní gbogbo ayé, kò tíì rí ejò rí, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Níbi tí ejò náà ti gbilẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù nínú aláǹgbá yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìjọba ń fi pańpẹ́ mú wọn, wọ́n ń fi ajá wá wọn, wọn kò tíì lè pa wọ́n run, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ejò náà máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo rí ọ̀kan nínú pańpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí mo ti ń já tòmátì. Funfun ni, ojú rẹ̀ pupa, ó lẹ́wà púpọ̀. Ó ti gbé aláǹgbá kan mì dé ìdajì, ìrù aláǹgbá náà ṣì ń mì lẹ́nu rẹ̀. N kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹyọ akọ kan kò lè dá bímọ. Àmọ́ ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ yín ní Mọ̀pà á fẹ́ ra tirẹ̀ náà. Yàtọ̀ síyẹn, bí Olóyè bá jáde nínú àpótí lálẹ́ ọjọ́ kan, ta ni ará àdúgbò tó máa dúró béèrè bóyá ó lóró?

---

ỌmọÌyàrà

Ẹ̀gbọ́n, ti ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá bá a lójú ọ̀nà lóru, igi ni màá kọ́kọ́ wá.

---

BàbáOlóyè_Mọ̀pà

Ẹ kú sùúrù pẹ̀lú mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́, mò ń dúró de èsì ni.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mo ka ibi ìrù aláǹgbá yẹn fún ìyàwó mi, ó ní kí n má kà á mọ́. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ mímú un wálé kúrò lọ́kàn. Eku méjì náà ni kò sì ní kọjá.

Ọkọ ọmọ mi ló bá wa wọ̀n ọ́n. Inú báàfù tí kò lómi ni wọ́n gbé Olóyè sí, ó ń rìn létí rẹ̀ yípo, ọkọ ọmọ mi sì ń tẹ́ òwú pupa tẹ̀ lé e. Wọ́n fi fídíò pè mí kí n lè rí i. Ìgbà àkọ́kọ́, íǹṣì 67. Ìkejì, 69. Ìkẹta, 68. Tísà, ẹ gbà á lẹ́nu mi: 82 awọ yẹn fi ìdá kan nínú márùn-ún gùn ju 68 lọ, bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8, sẹ̀ǹtímítà 173. Ṣé mo ṣì lè pè é ní ejò ńlá?

Nígbà tí mò ń wò ó nínú fídíò, mo rí ohun tí n kò rí nígbà tí mo ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ti darúgbó. Funfun ara rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí eyín arúgbó. Bó ti ń rìn, á dúró, á gbé àgbọ̀n lé etí báàfù, á sinmi, á tún lọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ṣí àpótí rẹ̀, ó ti fẹ́ jáde ni.

Àkọ́bí mi tó ní kí n ra ejò, tó sì sú u lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ti di ọkùnrin ní Dallas báyìí. N kò sọ nǹkan kan fún un. Àbúrò rẹ̀ ló sọ. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó wakọ̀ wá sí Houston, wákàtí mẹ́rin, ó gbé àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó wé e ní búláńkẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ amúlétutù má baà mú un. Ó pè mí nígbà tó délé. Ó ní, "Dádì, báwo lẹ ṣe máa ń mú eku yẹn?" Mo sọ fún un: ìdí ìrù, kó mì ín díẹ̀, kó má fi ọwọ́ lásán mú un.

Olóyè kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé kó má fòyà, ilé tuntun ni. Lánàá ló jẹ ẹ́, ọ̀kan péré. Aago 6 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn nígbà tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: orí rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ẹsẹ̀ àga kan sì hàn ní igun àwòrán náà.

Mo ti mú bébà tó wà lára awọ yẹn, mo fa igi lórí 82, mo kọ 68 sí abẹ́ rẹ̀.